Ọjọ́ Tí A Kí Wọn Tí A Ò Dìde

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu ní Woolwich, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé mọ́tò sọdá odò Thames dúró gbagidi láàárín omi. Awakọ̀ rẹ̀ ṣí fìlà. Àwọn ẹyẹ òkun tó máa ń já ọ̀dùnkún díndín gbà lọ́wọ́ èèyàn ní Powis Street bà sórí òrùlé, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọmọ ilé ìwé Àìkú, wọ́n ń gbọ́ mi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ mi dé ibi tó dùn, olórí ìjọba ìlú yìí fúnra rẹ̀ pè mí lórí fóònù. Mo ní kó ní sùúrù, pé ẹ̀bà ń tutù níwájú mi, kó pè mí padà lọ́la. Kò pè mọ́. Wọ́n ti yọ ọ́ nípò kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi omi.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin ọmọ wa ní kí n kọ sílẹ̀ kì í ṣe èyí. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí ìlú yìí, àtẹ̀yin tí ẹ wọ̀ ọ́ lánàá, tí ẹ ń fi àtàǹpàkò ja ìjà lórí fóònù, ẹ ní kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Belvedere. Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí olùkọ́ tó sọ pé ẹnu mi ti pọ̀ ju orí mi lọ, nítorí náà ẹ má wá kọ́mà síbi tí kò sí. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì pẹ́. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti bọ́ ìbòmú sílẹ̀, tí àwọn ará ìlú sì ti gbàgbé àtẹ́wọ́ tí wọ́n ń pa fún àwa òṣìṣẹ́ ìtọ́jú lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Inú bí mi nígbà náà. Inú ń bí mi báyìí tí mo ń kọ ọ́.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan wà ní Belvedere, n kò ní í dárúkọ rẹ̀. Èmi ni mo ń wa bọ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé àwọn arúgbó náà lọ rí dókítà, tàbí tó ń gbé wọn lọ wo omi kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn lójú. Àwọn tó ń wẹ arúgbó, àwọn tó ń nu ilẹ̀, àwọn tó ń se oúnjẹ, ọmọ Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn. Máníjà wa náà, ọmọ Yorùbá ni. Dípọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀? Aláàgbà ni nínú ìjọ aláṣọ funfun kan ní Woolwich, ìjọ tí ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ wa ń lọ. Daddy là ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì, Daddy là ń pè é níbi iṣẹ́. Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn ná. Ògá tí ẹ bá ń pè ní Daddy, báwo lẹ ṣe fẹ́ bá a jà?

Èmi Bàbá Àkànní ni aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó dìbò fún mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n béèrè ẹni tó fẹ́ ṣe é, gbogbo èèyàn wolẹ̀, èmi nìkan ni mo ń wòkè.

Obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí ń jẹ́ Mọ́rẹ́nikẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Tòbí. Ọkọ rẹ̀, Kọ́lá, ń wa takisí, òun náà sì ni olórí akọrin nínú ìjọ Aláàgbà. Ohùn rẹ̀ dùn. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò dùn. Ó lu Mọ́rẹ́nikẹ́ nígbà tó lóyún, ó lù ú nígbà tó bímọ tán. Ó lù ú nígbà tí iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀, ó tún lù ú nígbà tí kò pọ̀. Obìnrin náà gbé ẹjọ́ lọ bá àwọn àgbà ìjọ. Wọ́n ní kó mú sùúrù. Wọ́n fún un ní àbẹ́là, wọ́n fún un ní omi àdúrà, wọ́n ní kó fi bọ́ ojú tó wú. Wọ́n pe ọkọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Brother, ẹ rọra." Rọra! Bí ẹni pé kòtò ló wà lọ́nà. Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà wọ̀nyí wà lọ́jà. Wọ́n ń wo orí náà bó ṣe ń wọ́, wọ́n sì ń sọ fún ọmọ pé kó má sunkún.

Nígbà tí omi àdúrà kò pa ìrora, Mọ́rẹ́nikẹ́ rí omi mìíràn tó pa á. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wáìnì dídùn nínú ife tíì. Nígbà tó yá, fódíkà ni, nínú ike tí ọmọ fi ń mu omi ọsàn lọ sí ilé ìwé. Ó sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé òun ń mu ún láàárọ̀ kí ọwọ́ òun má baà gbọ̀n bí òun bá ń so okùn bàtà Tòbí.

Lọ́jọ́ kan Kọ́lá fi ẹnu Mọ́rẹ́nikẹ́ gbá etí fìríìjì. Aládùúgbò wọn, òyìnbó, ló pe ọlọ́pàá. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé lókè àti nísàlẹ̀ wọn, tó gbọ́ èdè tó fi ń ké, ariwo tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n fi kún. Ọlọ́pàá dé, wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, wọ́n bá ọtí lórí tábìlì. Káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ wa, gbé Tòbí lọ. Wọn ò fún bàbá, wọn ò fún ìyá, ọ̀dọ̀ obìnrin òyìnbó kan ní Belvedere ni wọ́n gbé e sí. Kọ́lá ní tirẹ̀ rí lọ́yà, ó rí ẹlẹ́rìí láti inú ìjọ. Ilé ẹjọ́ kàn ní kò gbọdọ̀ sún mọ́ ilé tí obìnrin náà bá ń gbé. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ó ti padà sí iwájú akọrin, ó ń gbé orin ìyìn.

Mọ́rẹ́nikẹ́ lọ sí ilé ààbò àwọn obìnrin, ó sì já ọtí sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n fi ẹnu sáré kọjá níbẹ̀. Ó gbọ̀n, ó bì, ó rí eku lára ògiri níbi tí kò sí eku. Lẹ́yìn náà ó ń lọ jókòó lórí àga ike nínú yàrá kan ní Woolwich, láàárín àwọn tó ń jáwọ́ nínú ọtí, ó ń sọ orúkọ rẹ̀ àti àìsàn rẹ̀ lójú àwọn tí kò mọ̀ rí. Ọmọ Yorùbá ni o! Àwa tí inú lè máa run wá kí a sì ní "dáadáa ni" fún dókítà.

Wọ́n fún un ní ilé kékeré kan ní Thamesmead, nítòsí adágún. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ wá láti Crossness, níbi tí wọ́n ti ń fọ omi ẹ̀gbin ìlú London, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Bàbá Àkànní, ẹ wá gbọ́. Gbogbo London ló ń kí mi káàárọ̀." Ó ra bẹ́ẹ̀dì kékeré fún Tòbí. Ó tẹ́ ẹ. Kò sí ẹni tó ń sùn lórí rẹ̀, síbẹ̀ ó ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ó wá bá wa ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú náà, wíwẹ àwọn arúgbó ni iṣẹ́ tirẹ̀. Obìnrin káńsù tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ Tòbí ti sọ ọ́ fún un láìfi igbá bo ọ̀rọ̀: bí ó bá ní ilé, bí ó bá jìnnà sí ọtí, bí ó bá ní iṣẹ́ tó dúró, ọmọ lè padà. Wọ́n ti dá ọjọ́ ìpàdé tí wọ́n máa fi pinnu. Ilé ti wà. Ọtí ti lọ. Iṣẹ́ ló kù.

Kọ́lá gbọ́. Ó lọ bá Aláàgbà. Ohun tí wọ́n sọ fún ara wọn, n kò sí níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́jọ́ Ajé, Aláàgbà pe Mọ́rẹ́nikẹ́ sí ọ́fíìsì, ó sì ní kí n bá a wá gẹ́gẹ́ bí aṣojú.

"Bàbá Àkànní, ẹ jókòó," ó ní. "Ọ̀rọ̀ tó dára kọ́. Sister Mọ́rẹ́nikẹ́ ń run ọtí lẹ́nu iṣẹ́."

"Ta ló gbóòórùn rẹ̀?"

"Èmi fúnra mi."

Mo na ọwọ́ ara mi sí i nímú. "Ẹ gbóòórùn tèmi náà, Daddy."

Ó fà sẹ́yìn. "Kí nìyẹn?"

"Ohun ìpawọ́ tí ẹ fi kọ́ gbogbo ẹnu ọ̀nà ni. Ọtí líle ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi pawọ́ kó tó wọ yàrá arúgbó kọ̀ọ̀kan, tó sì tún fi pawọ́ nígbà tó bá jáde, ṣé òórùn lọ́fínńdà lẹ fẹ́ gbọ́ lára rẹ̀?"

Mọ́rẹ́nikẹ́ ní, "Daddy, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ mí wò. Ẹ̀jẹ̀ ni o, ìtọ̀ ni o, èémí ni o, èyí tó bá wù yín."

"Kò dé ibẹ̀." Ohùn rẹ̀ rọ̀, bíi ti ẹni tó fẹ́ gbàdúrà. "Sister, ẹ padà sílé ọkọ yín. Bí ẹ bá padà, Tòbí náà á padà. Mo ń bá yín sọ̀rọ̀ bíi bàbá ni."

"Bàbá tó bí mi kò tì mí síwájú ẹ̀ṣẹ́ rí," Mọ́rẹ́nikẹ́ dá a lóhùn.

Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀ tán. Wọn ò lé e o! Irú iṣẹ́ tí a ń ṣe níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá pè ọ́ nìkan lo ń rówó gbà, nítorí náà wọn kì í lé èèyàn. Wọ́n kàn máa ń gbàgbé láti pè ọ́.

A ṣèpàdé nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù aṣerunlóge kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Powis Street. Yàrá náà kò ní fèrèsé, òórùn irun jíjóná ló kún ibẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ tó lè mú òkú dìde. Mo ní, "Ẹni tó bá gbà pé kí a dúró lẹ́nu géètì fún Mọ́rẹ́nikẹ́, kó nawọ́." Kò sí ọwọ́ kankan. Wọ́n ń wo ara wọn. Ẹni tó bá nawọ́, Daddy á gbọ́ kó tó dọjọ́ Àìkú.

Alhaja Sìdí ló dá wa nídè. Ọmọ Ìbàdàn ni, òun ló ń se oúnjẹ nílé ìtọ́jú náà, òun ló sì dàgbà jù nínú gbogbo àwọn òṣìṣẹ́. Kì í ṣe ará ìjọ ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ẹ pa iná."

"Pa iná ṣe kí ni, Alhaja?"

"Ẹ pa á. Ẹni tó bá gbà, kó pàtẹ́wọ́ nínú òkùnkùn. Ọlọ́run nìkan ló máa mọ ọwọ́ ta ni."

A pa iná. Ẹ̀yin ọmọ mi, àtẹ́wọ́ náà bú bí ìgbà tí òjò ńlá bá já lu páànù. Nígbà tí a tan iná, gbogbo wọn ti ká ọwọ́ sórí itan, wọ́n jókòó bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Òfin ìlú yìí ní kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ kí wọ́n tó daṣẹ́ sílẹ̀, ìpàdé lórí Tòbí kò sì ní í dúró de póòsì. Nítorí náà a ò pè é ní ìdaṣẹ́sílẹ̀. A ní àwọn tó ń jáde níbi iṣẹ́ láàárọ̀ àti àwọn tó fẹ́ wọlé máa kí ara wọn lẹ́nu géètì, ìkíni náà á sì pẹ́ díẹ̀. Alhaja ní òun ní ohun kan láti sọ: "Àwọn arúgbó á jẹun kí n tó jáde, díẹ̀ nínú yín á sì dúró tì wọ́n. Èmi ò bá arúgbó jà."

Lọ́jọ́ kìíní, a pọ̀ lẹ́nu géètì. Kẹ́mi ló dúró níwájú. Ọmọ tí wọ́n bí sí Woolwich ni, òun náà ń wẹ arúgbó. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín "ẹ" àti "o", ṣùgbọ́n kò mọ ìbẹ̀rù náà. Ó kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà sára páálí, ó gbé e sókè. Ọkọ̀ tó kó àwọn arọ́pò wá láti ájẹ́ńsì tó ń yá ni lóṣìṣẹ́ dé, a dí ọ̀nà mọ́ ọn. Awakọ̀ rẹ̀ yọ orí, ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun pé ìjà wà níbẹ̀. Ó ti fẹ́ yí padà. Mo ti ń kọrin.

Ìgbà náà ni mọ́tò Aláàgbà dé. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì fa Màmá Àdúrà jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Màmá Àdúrà jẹ́ fún yín. Ìyá tó dàgbà jù nínú ìjọ wọn ni. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ ọmọ tuntun, òun ló ń sọ wọ́n lórúkọ. Ó ju èmi náà lọ lọ́jọ́ orí. Ó wọ aṣọ funfun balẹ̀, kò wọ bàtà, bí ìlànà wọn, lórí ilẹ̀ tútù Belvedere. Aláàgbà sọ fún un pé kó wá gbàdúrà fún àwọn òṣìṣẹ́ òun tí èṣù dà láàmú. Kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn obìnrin wa rí Màmá. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti pín sí apá ọ̀tún àti òsì, gbogbo wọn ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà! Ẹ kú ìrìn mà!" Èmi náà dọ̀bálẹ̀, àyà mi kanlẹ̀. Aláàgbà di Màmá lọ́wọ́ mú, ó rìn gba àárín wa, gbogbo àwọn arọ́pò náà sì tò tẹ̀lé e wọlé, ọ̀kan ń kí wa ní "thank you". Ìkúnlẹ̀ wa ni wọ́n fi ṣe afárá, wọ́n gorí rẹ̀ sọdá.

Kẹ́mi nìkan ló dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ju páálí sílẹ̀.

"Grandpa, o ti ya wèrè? O dọ̀bálẹ̀ fún wọn!"

"Màmá ni mo dọ̀bálẹ̀ fún, ọmọ mi."

"Wọ́n ti wọlé! They just walked in! Gbogbo yín lọ sílẹ̀ bíi Wi-Fi."

"O ò lè dúró lóòró kí àgbà máa kọjá. Wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?"

"Okay, kunlẹ̀ now! Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ kúrò lọ́nà? Ẹ ò lè kunlẹ̀ sójú ọ̀nà ni?"

Alhaja Sìdí ń gbọn eruku lára ìró rẹ̀. Ó wo Kẹ́mi títí. Ó ní, "Ọmọ yìí ò mọ ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́."

Mo fi mọ́tò gbé Mọ́rẹ́nikẹ́ lọ sílé lọ́sàn-án yẹn. Kò fẹ́ wọlé. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá adágún Thamesmead, àwọn pẹ́pẹ́yẹ òyìnbó ń wẹ̀ kọjá.

"Bàbá, ṣọ́ọ̀bù kan wà ní ìsàlẹ̀ ilé mi."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Mo kọjá níbẹ̀ láàárọ̀. Mo padà. Mo tún kọjá. Ọkùnrin tó ń tajà ti mọ̀ mí. Ó ń wò mí láti inú gíláàsì, àwọn ìgò fódíkà tò sórí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀."

"Ṣé o wọlé?"

"Mi ò wọlé." Ó yí ojú sí mi, ojú náà pọ́n. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan. Kọ́lá lù mí, wọ́n ní kí n mú sùúrù. Mo mutí, wọ́n ní mo ba ilé jẹ́. Mo já ọtí sílẹ̀, wọ́n tún ní mo ń mu ún. Èwo ni kí n wá ṣe? Kí ni mo máa ṣe tí wọ́n á fi jẹ́ kí ọmọ mi wá sùn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀?"

Mo bá a jókòó títí ó fi dìde, tó gba ẹ̀gbẹ́ kejì lọ kó má baà kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ọjọ́ ìpàdé ọmọ rẹ̀ kò jìnnà mọ́. Ìbínú tó wà níkùn mi lọ́jọ́ náà, bí mo bá tu itọ́ rẹ̀ sórí koríko, koríko á gbẹ.

Lọ́jọ́ kejì òjò ń rọ̀. A tún dúró. Ọkọ̀ ájẹ́ńsì dé, mọ́tò Aláàgbà dé, ó tún fa Màmá Àdúrà jáde, ó na agbòjò bò ó. Lọ́tẹ̀ yìí Kọ́lá náà wà níjókòó iwájú mọ́tò, ó sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀ kó lè rí ìran wò.

Alhaja Sìdí rìn lọ sí àárín ọ̀nà, níwájú géètì gan-an, ó sì kúnlẹ̀ sínú omi.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá."

"Káàárọ̀, Alhaja. Ẹ dìde, ẹ dìde, ilẹ̀ tutù."

"Mo ń kí yín ni. N kò tíì kí yín tán."

Obìnrin kejì kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀kẹta kúnlẹ̀. Kẹ́mi pàápàá kúnlẹ̀, ìkúnlẹ̀ ẹni tí kò kúnlẹ̀ rí, bí ẹni tó ń wá owó tó bọ́. Láti géètì dé ẹnu ilẹ̀kùn, ojú ọ̀nà kún fún obìnrin lórí ìkúnlẹ̀, gbogbo wọn ń kí Màmá, "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú òtútù mà," kò sì sí ẹni tó dìde.

Aláàgbà ní, "Ó tó. Màmá ti gbọ́. Ẹ jẹ́ ká kọjá."

"Ẹ kọjá, Daddy," Alhaja dá a lóhùn láti ilẹ̀. "Ẹ gba orí mi kọjá. Ẹ̀gbọ́n yín pàtàpàtà, mo lè bí i. Ẹ dá ẹsẹ̀ lé mi léjìká, kí ẹ rìn."

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ àṣà wa dénú, ẹ gbọ́. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa fo àgbàlagbà obìnrin tó kúnlẹ̀ fún un dá, kó sì sùn lóru. Bí àgbà bá kúnlẹ̀ fún ọmọdé, ọmọdé á sáré gbé e dìde ni, kó má baà di èpè sí i lórí. Aláàgbà bẹ̀rẹ̀ láti gbé Alhaja. Alhaja wúwo, kò sì ran án lọ́wọ́. Aláàgbà gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí ẹni fẹ́ fò. Ó wo ilẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ náà padà. Àwọn arọ́pò dúró lẹ́yìn rẹ̀, òjò ń pa wọ́n.

Màmá Àdúrà yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Aláàgbà. "Kí ni ẹ fẹ́?" ó bi wá. "Ẹ̀yin obìnrin yìí, kí ni ẹ ń bẹ̀ mí fún?"

Mọ́rẹ́nikẹ́ fi orúnkún rìn wá láti ẹ̀yìn. "Màmá, èmi ni. Ẹ̀yin lẹ sọ Tòbí lórúkọ. Ẹ̀yin lẹ fún mi lómi tí mo fi bọ́ ojú nígbà tó wú. Wọ́n ní mo ń mutí, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, bí n kò bá sì ní iṣẹ́, ọmọ mi kò ní í padà wálé. Màmá, ẹ gbóòórùn ẹnu mi."

Kọ́lá pariwo láti inú mọ́tò, "Irọ́ ni! Màmá, ó ti mu ún láàárọ̀ yìí!"

Mọ́rẹ́nikẹ́ la ẹnu. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú bó ṣe máa ń di ti ọmọ ọwọ́, ó sì fi imú sí i. Ó gbóòórùn. Ó tún gbóòórùn. Lẹ́yìn náà ó dúró, ó ń wo inú ẹnu náà.

"Níbo ni eyín wà?"

Ẹnu Mọ́rẹ́nikẹ́ ṣì ṣí sílẹ̀, ó na ìka sí mọ́tò.

"Etí fìríìjì, Màmá," Alhaja ní. "Ọmọ yín tó ń kọrin yẹn ló fi ẹnu obìnrin yìí gbá a."

Màmá kò wo mọ́tò. Aláàgbà ló wò. "Dípọ̀." Òun nìkan ló lè pè é bẹ́ẹ̀. "Tíì ni mo gbọ́ lẹ́nu ọmọ yìí. Tíì àti ẹnu ẹni tí kò tíì jẹun. Ìwọ lo wá sọ fún mi nígbà náà pé ó ṣubú ni. Mo sì fi omi lé e lọ́wọ́, mo ní kó mú sùúrù." Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó wá tẹ́ aṣọ funfun rẹ̀ sínú omi òjò, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alhaja lójú ọ̀nà, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá nǹkan gbígbóná."

Ọkọ̀ ájẹ́ńsì yí padà. Àwọn ògá òyìnbó láti ọ́fíìsì ńlá bẹ̀rẹ̀ sí pe fóònù, wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí ìyá àgbà kan fi jókòó sínú òjò lẹ́nu géètì wọn tí gbogbo ará àdúgbò ń yà á ní fọ́tò. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti rántí Mọ́rẹ́nikẹ́. Wọ́n ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ fún obìnrin káńsù pé iṣẹ́ náà dúró.

Ẹ wá wo Aláàgbà. Ó ju agbòjò nù. Ó nà gbalaja sínú omi, àgbádá rẹ̀ léfòó, ó ní, "Sister Mọ́rẹ́nikẹ́, mo ṣẹ̀ yín. Mo mọ̀ pé ẹ ò mutí. Mo parọ́ mọ́ yín." Kọ́lá náà ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Tòbí, èmi ni mo fọ́ ẹnu rẹ, èmi ni mo sì jẹ́ kí wọ́n máa pè ọ́ ní ọ̀mùtí. Dárí jì mí." Mọ́rẹ́nikẹ́ dúró lórí wọn. Ó wò wọ́n títí òjò fi dá. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo ti gbọ́," ó sì wọlé lọ wẹ àwọn arúgbó rẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé kí la rí gbà níbẹ̀. Tòbí padà wálé. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó ti ga sí i, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo bẹ́ẹ̀dì náà. Ó ní, "Mum, ṣé Dad mọ ilé yìí?" Ìyá rẹ̀ ní, "Kò mọ̀ ọ́n." Ìgbà yẹn ló tó bọ́ bàtà.

Ohun tí a pàdánù kò kéré. Orúnkún Alhaja kò padà sípò láti ọjọ́ òjò yẹn, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀pá ló fi ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbàgbé láti pe Kẹ́mi títí ó fi lọ ń ta aṣọ ní Powis Street. Aláàgbà ńkọ́? Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú mìíràn, èyí tó tóbi ju tiwa lọ. Màmá Àdúrà kò tẹ̀lé e jáde mọ́, ṣùgbọ́n Kọ́lá ṣì ń gbé orin, ìdajì àwọn obìnrin tó bá wa kúnlẹ̀ ló sì ń jókòó síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ń ṣe àmín. Inú mi kò tíì rọ̀ sí wọn, n kò sì ní í parọ́ pé ó ti rọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ń gbàgbé èèyàn ṣì wà bó ṣe wà. Ẹ̀yin ọmọ, ìyẹn wà lọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá gbé àgbà wá dí yín lójú, ẹ kí àgbà náà dáadáa, kí ẹ má kúrò lọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti parọ́, nítorí inú mi kò gbà á kí ẹ lọ tún un sọ fún ẹlòmíràn bí òtítọ́. Alhaja kúnlẹ̀ lóòótọ́, Màmá sì gbóòórùn ẹnu rẹ̀ lóòótọ́, mo rí i. Ìdọ̀bálẹ̀ àti ẹ̀bẹ̀ yẹn ni mo fi ẹnu ara mi dá. Aláàgbà ká agbòjò rẹ̀, ó wọ mọ́tò. Kọ́lá ti gíláàsì sókè, wọ́n lọ. Mo fi ẹ̀bẹ̀ náà kún un lọ́jọ́ kan nígbà tí mo ń sọ ìtàn náà fún Mọ́rẹ́nikẹ́ nínú kíṣìnì rẹ̀, kó lè rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi àwo tó ń fọ̀ sílẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ tún ibẹ̀ sọ." Láti ìgbà náà, bí mo bá lọ kí i, ibẹ̀ nìkan ló ń fẹ́ gbọ́. Mo sì ń sọ ọ́ fún un, nítorí títí di òní, kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó tíì bẹ̀ ẹ́.